Ìyàwó Mi Dà Nínú Fọ́tò Yìí?

Obìnrin kan wà tó ń ya fọ́tò nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn báǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an lórí kọ̀ǹpútà. Bí irorẹ́ bá wà lójú oníbàárà, á pa á rẹ́ kíá. Ó gbà pé oore ni òun ń ṣe wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ìyá rẹ̀ wá ya fọ́tò tó fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀. Ayafọ́tò wa na gbogbo ibi tí ojú àǹtí rẹ̀ ti hunjọ, ó sì pa àpá kékeré tó wà létí ẹnu rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó gbé fọ́tò náà délé wọn, ọkọ àǹtí wò ó títí.

"Ọmọ yìí mà rẹwà o. Ta ni?"

"Ìyàwó yín ni, sà."

"Ìyàwó mi kẹ̀? Àpá tó ní níjọ́ tó jábọ́ lórí kẹ̀kẹ́ mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ ẹ, dà? Jọ̀ọ́, dá a padà fún mi!"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, o ti fi èmi fúnra mi ṣe orogún mi."

Ojú ti ayafọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa òun náà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ fọ́tò náà bó ṣe yà á gan-an.

Láti ìgbà náà, ó máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà pé, "Ṣé kí n fi ojú yín sílẹ̀ bó ṣe wà?" Ó yà á lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní kó bá òun dín ikùn kù, ayafọ́tò wa á ní kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ fà á wọlé kí òun tó tẹ kámẹ́rà.