Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀bi

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa ní Festac, ẹnikẹ́ni kì í kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ là ń kọ́kọ́ bẹ̀. Bí bàbá mi bá ti lejú báyìí, ì báà jẹ́ ológbò aládùúgbò ló da ọbẹ̀ nù, orúnkún wa á ti kanlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Ìgbà tí inú wọn bá rọ̀ tán ni wọ́n tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, díákónì sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọ̀yájú ò sì gbọdọ̀ ti ilé wọn jáde. Èmi nìkan ni ẹ̀kọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Màmá mi máa ń sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń gbé irun wáyé, ìbínú ni èmi gbé.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gba ẹ̀kọ́ náà wọra. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ń retí kí yunifásítì gbà á, nígbà tó lọ gẹrun ní Kuje-Amuwo lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ò sì rí i kó padà wálé. Àwọn kan ló ń jà níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, àwọn tó ń jà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ni wọ́n bá kó àwọn tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fa àbúrò mi dìde lórí àga pẹ̀lú ìdajì irun lórí. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó da àlàáfíà ìlú rú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù, ọlọ́pàá kan pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe wá lóore.

"Dádì, ẹ sọ fún un kó ní òun jẹ̀bi. Wọ́n á ní kó gbálẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì mú un lọ sílé lónìí. Bó bá ní òun ò jẹ̀bi, tí béèlì ò bá wá yá, Kirikiri ni o."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀," ni wọ́n wí.

"Dádì, ta ló lẹ́bi níbẹ̀? Ọmọ tó lọ gẹrun?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Ṣé ìwọ lo máa bá a sun Kirikiri?"

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé ìgbálẹ̀ lè tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀bi tí wọ́n bá kọ mọ́ orúkọ ọmọ ò ní tán. Níbi tó bá ti ń wáṣẹ́ lọ́la, wọ́n á bi í bóyá kóòtù ti dá a lẹ́bi rí, yóò sì ní láti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn wọlé, mo sáré sún mọ́ ọn, mo ní, "Sọ pé o ò jẹ̀bi." Ó mi orí pé òun gbọ́.

Wọ́n pè é. Wọ́n ka ẹ̀sùn náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, kíá kíá. Obìnrin ni adájọ́ náà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹjọ́ sì kún iwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí orí àbúrò mi tí apá kan dán, tí apá kejì sì ṣù. Ojú rẹ̀ yí padà. Yorùbá ló fi jágbe mọ́ ọn.

"Irú irun wo nìyí? Irun jàǹdùkú lo gbé wá síwájú mi?"

Mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Àbúrò mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ẹ ṣàánú mi, mà."

Akọ̀wé kóòtù ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì fa bírò yọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ọlọ́pàá ò jẹ́ kí wọ́n gẹrun ẹ̀ tán ni, mà! Orí àga onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti mú un!"

Bàbá mi ń fa aṣọ mi. Ọlọ́pàá méjì ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Adájọ́ nàka sí mi. "Jókòó, àbí kí n ti ìwọ náà mọ́lé." Mo jókòó. Adájọ́ wo irun náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wò ó pẹ́.

"Ìwọ tó ń bẹ̀bẹ̀, kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà."

"Kí lo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bínú, mà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ náà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé pa ohun tó kọ rẹ́. Ó bi ọlọ́pàá tó ń rojọ́ bóyá ẹnikẹ́ni rí ọmọ yìí níbi ìjà. Ìyẹn ń yẹ̀wé wò títí, kò rí ẹlẹ́rìí kankan nínú rẹ̀. Bí adájọ́ ṣe wọ́gi lé ẹjọ́ náà nìyẹn.

A wọkọ̀ padà sílé. A ò tíì jókòó dáadáa tí ìbẹ̀rù tó wà nínú bàbá mi láti àárọ̀ fi di ìbínú. "Kí ló tiẹ̀ gbé ẹ dé Kuje? Onígbàjámọ̀ tán ní Festac ni?"

Mo ń wo orúnkún àbúrò mi. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró ṣánṣán. "Dádì, mi ò ṣe nǹkan kan, sà. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ mọ́."

Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Àfi bí màmá mi ṣe jáde láti kíṣìnì, tí wọ́n lọ tààrà síwájú ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n sì kúnlẹ̀ fún un.

"Ọkọ mi, níwájú adájọ́, má bẹ̀bẹ̀. Nínú ilé yìí pàápàá, bó ò bá fẹ́, má bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá, bí ìbọn bá ti wà lọ́wọ́ wọn, jọ̀ọ́, bẹ̀ wọ́n. Mo fi ọmú tí mo fún ọ bẹ̀ ọ́."

Bàbá mi kọjú sí ògiri. Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó ń fà wọ́n lápá. "Mọ́mì, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Màá bẹ̀ wọ́n." Ó ń tún un sọ títí wọ́n fi dìde.