Mo Tẹ́ Ẹní Síwájú Kẹ́mísì Rẹ̀

Ọkùnrin tó fún mi ní ìgò òògùn ikọ́ àkọ́kọ́, òun kan náà ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi tó ń nu omijé. Ará ìlú kan náà ni òun àti bàbá mi. Wọ́n jọ wá sí Maiduguri nígbà tí wọn ò tíì láya, wọ́n jọ gbé yàrá kan ní Gamboru kí oníkálukú tó rí ọ̀nà tirẹ̀. Bàbá mi ń ta táyà. Òun ṣí kẹ́mísì sí Bulabulin. Alàájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i.

Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà tí bàbá mi kú. Oorun dá lójú mi. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, eruku wọ̀ mí láyà, ikọ́ ò jẹ́ kí n gbádùn. Màmá mi, tó ń ta ẹrù ọmọ tuntun àti òwú wúùlù ní ọjà Custom, ló ní kí n yà lọ́dọ̀ Alàájì kí ó fún mi ní nǹkan lò.

Ó mú ìgò kan jáde, ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó bu ìdérí kan fún mi.

"Mu ún, ọmọ mi. Oorun tí bàbá rẹ gbé lọ, èyí á dá a padà."

Ó dá a padà lóòótọ́. Nígbà tí ìgò náà tán, ikọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo sì wúkọ́ kí ó lè gbọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn mú òmíràn. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń rí nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ní kí n dárí ji Alàájì.

Kí ọdún tó yí po, ìgò ti ń bá mi lọ sí kíláàsì nínú báàgì ìwé. Ara ń yún mi, mo ń họ ọrùn títí tó fi bó. Olùkọ́ kan lé mi jáde níbi ìdánwò nítorí pé mo ti gbórí lé bébà ìdáhùn mi, itọ́ ti rin ín gbingbin. Mo ń jí àwọn súwẹ́tà kéékèèké àti ìbọ̀sẹ̀ tí màmá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun, mo ń lọ tà wọ́n lópòó ní àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ mí. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún Alàájì pé mo fẹ́ jáwọ́.

"Ta ló ń lé ọ?" ló fi dá mi lóhùn. "Máa mu ún níwọ̀nba. Àwọn ọmọ ọlọ́lá gan-an ń mu ún." Ó sì ti ìgò náà sọ́dọ̀ mi.

Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń wọlé tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ní ọjọ́ Àìkú kan, níbi àsàlátù tí àwa Yorùbá àdúgbò máa ń ṣe, ó dìde, ó ní kí wọ́n bá òun ṣàdúrà fún ọmọ olóògbé ọ̀rẹ́ òun. Ó dárúkọ mi. Ó ní mo ti di ọ̀mùtí àti olè, pé pàṣán lòun fi ń lé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun. Gbogbo wọn ṣe àmín. Màmá mi jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó mú bàtà rẹ̀, ó wá sílé, ó ní kí n la ẹnu, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló ń tà á fún ọ?"

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Mo bì, mo ṣépè fún obìnrin tó bí mi, ó ń nu ẹnu mi bí mo ṣe ń ṣépè náà. Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, dókítà kìlọ̀ fún un pé kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ mi dilẹ̀, pé ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni òògùn máa ń pe ènìyàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a délé, màmá mi gbé irin kíróṣé kan lé mi lọ́wọ́, irin tín-ín-rín tó ní ìkọ́ lórí, ó sì ju òwú pupa kan sí mi lẹ́sẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n hun," mo ní.

"Wàá mọ̀ ọ́n."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Hun ún bó ṣe ń gbọ̀n."

Ó fi bí wọ́n ṣe ń fa òwú gba inú ojú òwú hàn mí. Mo ń fà á. Gbogbo ojú òwú tí mo bá fún pọ̀, ọrùn Alàájì ni. Mo fún un tó bẹ́ẹ̀ tí irin ò fi lè wọ ibì kankan mọ́. Màmá mi bi mí léèrè ohun tí mò ń kùn lẹ́nu.

"Ọrùn rẹ̀ ni mò ń fún."

Mo rò pé yóò sọ ohun tí àwọn obìnrin tó ń wá kí wa ń sọ, pé kí n fi jẹ́ Ọlọ́run. Kò sọ ọ́. Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó tú u palẹ̀.

"Bínú. Mi ò ní kí o má bínú. Ṣùgbọ́n bí o bá fún un báyìí, irin ò ní wọlé, o ò sì ní lè tẹ̀síwájú. Tún un bẹ̀rẹ̀."

Bí mo ṣe kọ́ láti máa fi ọwọ́ rírọ̀ bínú nìyẹn. Òwú kì í wo àìsàn o. Mo ṣì ń lọ rí dókítà, mo sì tún ṣubú padà sínú òògùn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ náà bá dé, tí òógùn bò mí, màá mú irin, màá hun títí yóò fi kọjá. Mo hun fìlà ọmọ tuntun títí ó fi kún ilé. Mo padà sí yunifásítì, mo ń hun lẹ́yìn kíláàsì, àwọn kan ń pè mí ní ìyá arúgbó.

Ní ọ̀sán kan, mò ń ti iléèwé bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a gba Bulabulin kọjá. Mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì láti họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀bù Alàájì, wọ́n di hìjáàbù mọ́ nǹkan láyà. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Mo ti rò ó rí láti sọ iná sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo ti bá a débi pé mo mọ ọjọ́ tí kì í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró lẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà, mo rí igi dogoyárò tó wà ní ọ̀ọ́kán ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo rí òjìji tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹní, mo gbé òwú, mo lọ jókòó síbẹ̀. Alàájì jáde.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ẹ káàsán, Alàájì. Mò ń hun fìlà."

"Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lo ti rí ibi híhun?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbin igi yìí."

Ojoojúmọ́ tí mi ò bá ní kíláàsì ni mo ń lọ. Bí ọmọbìnrin kan bá ti fẹ́ yà síbẹ̀, màá pè é ní orúkọ bí mo bá mọ̀ ọ́n, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n màá kí i ní Hausa bí arábìnrin mi, "Sannu, 'yar uwa. Wá jókòó tì mí." Púpọ̀ nínú wọn sá lọ nítorí ìtìjú, wọn ò sì tún gba ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan jókòó. Mo ń fún wọn ní irin, mo ń sọ ibi tí mo ti gbàtọ́jú fún wọn, mo sì ń bá ẹni tó bá fẹ́ lọ. Àwa tí a wà lórí ẹní náà ń pọ̀ sí i, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ń dá. Mo ń wo eruku bó ṣe ń bà lé tábìlì rẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi bí oyin.

Ó lọ pe Bulama, olórí àdúgbò, pé a ń dí òun lọ́wọ́. Bàbá arúgbó náà dé, ó wo àwa obìnrin tí a tẹrí ba lórí òwú.

"Mata ne suke saƙa," ló sọ fún Alàájì. Obìnrin ni wọ́n, wọ́n ń hunṣọ. "Ina laifi?" Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà ńbẹ̀?

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin Alàájì wá sábẹ́ igi. Òun ni àkọ́bí rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Hausa ló ń sọ ju Yorùbá lọ. Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló rán an wá bú mi. Ó kàn dúró ni, ó ń họ ọrùn. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́. Mo rí ara mi níbi àsàlátù, tí mò ń dárúkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń ṣe àmín.

"Àǹtí," ló wí, "ina so in daina. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ má sọ fún Bàbá."

Mo sún, mo fi àyè sílẹ̀ fún un lórí ẹní. Ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Mo fún un ní irin. Nígbà tí Alàájì yọjú wo ìta, tó rí ẹni tó jókòó tì mí, ó di ilẹ̀kùn mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Custom. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa, ọkùnrin tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún láti kékeré.

"Alàájà, ẹ bò mí láṣìírí. Ọmọ yín náà ni ọmọ mi."

Màmá mi ò wò ó. "Ẹ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀."

Mo jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ orúkọ ọmọ yín lẹ́nu mi. Màá bá a lọ sí ilé ìwòsàn fúnra mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni yóò dìde níbi tí ẹ ti dìde lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ̀ ń tà, àti ẹni tó fún mi ní èyí tí mo kọ́kọ́ mu."

"Wọ́n á lé mi ní ìlú."

"Ẹ ní pàṣán lẹ fi ń lé èmi."

Ó dìde lọ́jọ́ Àìkú. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, àwọn ará ẹ̀yìn ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ẹnikẹ́ni ò ṣe àmín. Màmá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú títí tó fi parí. Mo ti rò pé ohun kan nínú mi yóò tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò tú, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Ó ti kẹ́mísì náà pa. Ọmọ rẹ̀ bá wa hun fún ìgbà pípẹ́, ó ṣubú, ó padà wá, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. A fẹ́ràn ara wa dé ibi tí a lè fẹ́ràn ara wa dé.

Nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo kan Alàájì ní Gamboru níbi tó ti ń ta abọ́ rọ́bà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Ọmọ mi," ló wí, "ṣé o ti dárí jì mí báyìí?"

Mo mú abọ́ kan, mo bi í ní iye tó ń tà á, mo sì san án. Ó ṣì ń wò mí.

"Rárá, Alàájì," mo ní. "Ẹ bá mi kí ọmọ yín."

Mo gba abọ́ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ń lọ.