Sọ́fítíwià Ọ̀fẹ́ àti Ilé Alhaja ní Gyellesu

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń yàwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Zaria kí ọ̀gá wa tó ti ibẹ̀ pa. Mo bá kó iṣẹ́ wá sí pálọ̀ mi ní Muchia. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mo ní, ó sì máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà tó gun òkè. Sọ́fítíwià tí a ń lò ní ọ́fíìsì, dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo wo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò wò ó mọ́. Ẹnì kan ní Samaru ní òun á bá mi wá ayédèrú rẹ̀, mo ní rárá. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹlòmíì lọ. Ayédèrú kan ti ba gbogbo iṣẹ́ mi jẹ́ rí.

Mo wá ń dán àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wò títí ó fi ku méjì. Èkíní ń fa ìlà lásán bí ẹni ń lo rúlà lórí bébà. Kò wúwo, ó sì ń kọ ìwọ̀n ògiri síbi tó yẹ. Èkejì ń gbé ilé dìde, èèyàn á sì máa rìn kiri inú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Múnírá ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà, ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń fi to àga tí a kò ní.

Alhaja Ráfátù, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní Sabon Gari, ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Ó fẹ́ kọ́lé sí Gyellesu, ó sì fẹ́ zaure, yàrá ẹnu ọ̀nà tí àlejò ọkùnrin máa ń dúró sí.

“Bàbá Rìdwán, mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn máa rí mi níbi tí mo ti ń dáná láìborí.”

“Alhaja, Zaria ni wọ́n bí mi sí. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Mo fi èkíní yà á, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo fún bíríkìlà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀?

Ní Sátidé, Múnírá fi ìwọ̀n tó wà nínú àwòrán mi gbé ilé náà dìde nínú ohun ìṣeré rẹ̀.

“Ẹ wá wo ilé oníbàárà yín.” Ó mú wa dúró níta lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣí ilẹ̀kùn zaure. “Kí lẹ rí?”

Síńkì ilé ìdáná ni mo rí. Ilẹ̀kùn ìta, ilẹ̀kùn inú àti ti ilé ìdáná kọjú síra wọn. Láti kékeré ni mo ti ń wọ zaure, kò sì sí èyí tí èèyàn kì í yà sí ẹ̀gbẹ́ kó tó wọlé. Ojú tì mí gan-an. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

“Ohun ìṣeré ọmọdé lẹ pè é,” Múnírá wí.

Mo pe bíríkìlà pé kó dúró, mo sì pe Alhaja, mo jẹ́wọ́.

“Ta ló rí i?” ó béèrè.

“Ìyàwó mi ni.”

“Kí òun máa kọ́kọ́ wo àwòrán kẹ́ ẹ tó gbé e wá o.”

Mo sún ilẹ̀kùn inú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà náà, sọ́fítíwià èkíní ni mo fi ń yà, èkejì ni mo fi ń rìn yíká.

Nígbà tí Alhaja kó wọlé, mo lọ kí i. Mo kan ilẹ̀kùn, mo tì í ṣí, mo ranjú wo inú bí olè. Ògiri funfun nìkan ni mo rí. Mo ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Alhaja. Mi ò rí yín o.”

“Alhamdulillahi,” ó dáhùn láti inú lọ́hùn-ún.