Ìwé Ọjọ́ Orí Balógun Wa

Lọ́dún kejì mi ní yunifásítì, mo gbé ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan wálé sí Ìkàrẹ́, kí àwọn ará ilé lè rí i pé mo ti ń ka ohun tí kò yé wọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ yé èmi náà. Àwòrán àwọn géńdé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n dé ohun bí ìkòkò sórí, tí wọ́n ki tìmùtìmù bọ èjìká, tí wọ́n sì ń gbé bọ́ọ̀lù tó rí bí ọ̀dùnkún sá lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún díẹ̀ péré, orúnkún á yẹ̀, wọ́n á sì bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹni náà fún ẹlòmíràn.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, ẹgbẹ́ tí èmi jẹ́ akọ̀wé fún. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá tiwọn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù, báwo ló ṣe fẹ́ pẹ́? Èmi ti ń gbá a kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀."

Òótọ́ ni, òótọ́ yẹn náà sì ni ìṣòro rẹ̀. Nítorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni káńsù ṣe fi í ṣe akódà kọ́ọ̀tù. Kò mọ ìwé, ó sì ti pa oko bàbá rẹ̀ tì láti ìgbà tó ti mọ bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wọ kakí, kó sì pariwo "Ẹ dákẹ́!" bí adájọ́ bá ń wọlé. Ọjọ́ tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́, kakí á bọ́.

Lọ́dún náà, wọ́n gbé ife kan kalẹ̀ fún àwa àti Ọ̀kà, ìlú tó múlé gbè wá, wọ́n sì ní ẹni tó bá ju ọmọ ọdún márùnlélógún lọ kò gbọdọ̀ wọ pápá. Balógun wa ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí lùkúlùkú, ọ̀fìnkìn burúkú ìgbà náà, ń pa ènìyàn bí eṣinṣin. Ó ń sún mọ́ ogójì. Ó wá bá mi pé kí n kọ ìwé ìbúra ọjọ́ orí fún òun.

"Mélòó ni kí n kọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Kọ èyí tó bá ojú mi mu."

Bí mo bá kọ èyí tó bá ojú rẹ̀ mu, wọn ò ní jẹ́ kó dé etí pápá láìmú ọ̀pá dání. Mo kọ mẹ́rìnlélógún. Mo fi gẹ̀ẹ́sì dídùn kọ ọ́, mo tilẹ̀ ki Látìn díẹ̀ bọ̀ ọ́, kí akọ̀wé kọ́ọ̀tù má baà ráyè ronú. Ó lù ú lóǹtẹ̀. Balógun fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn tí a bí lásìkò lùkúlùkú, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí balógun gan-an, fẹ́ gòkè sípò àgbà. Ní ìlú wa, bí ẹgbẹ́ kan bá ti gòkè, wọ́n bọ́ lọ́wọ́ oko ríro àti ọ̀nà títún ṣe. Wọ́n á máa bá àwọn àgbà jókòó, wọ́n á sì ní ìpín nínú ilẹ̀ ìlú. Ẹni tí kò bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó di ti títí ayé. Alágbẹ̀dẹ kan, tí òun àti balógun jọ ń jí ìṣáná àwọn ìyá wọn ní kékeré, wá pè é ní pálọ̀ rẹ̀ níṣojú mi.

"Ọ̀la la ń gòkè o. O ò gbọdọ̀ pẹ́."

Balógun wo ìwé ara ògiri, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n," ó pe alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀, "ẹ ti jù mí lọ."

Alágbẹ̀dẹ ní, "Ó dáa, àbúrò." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé Ọ̀kà, wọ́n ti gbọ́ nípa ìwé náà. Ọmọbìnrin balógun, àkọ́bí rẹ̀, lọ́kọ níbẹ̀. Ó dúró sẹ́bàá pápá, ó pọn ọmọ tirẹ̀, ọmọ náà sì ń ké.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún!" ni àwọn ará Ọ̀kà ń kígbe. "Ọmọ-ọmọ ẹ ń sunkún o! Wá gbé e!"

Balógun gbọ́, ó sì yíjú padà. Ojú kan tó yí yẹn ni télọ̀ kékeré kan, ọmọ Ọ̀kà, fi kó sí i lẹ́sẹ̀. Orí yangí ló ṣubú lé. Orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n dá sí iná. Àwa tí a wà nítòsí gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bá a to egungun náà fún oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ náà sì le gbagidi bí ẹ̀ka igi, kò ká mọ́. Kí ó tó dìde, káńsù ti kó kakí rẹ̀ fún télọ̀ yẹn. Wọ́n ní ọmọ náà gbóná lẹ́sẹ̀, kó wá máa gbá fún wa.

Nígbà náà ló rántí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ọ̀pá lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀, ó ní kí wọ́n bu tòun kí òun lè gbin iṣu. Wọ́n ní kó lọ mú ìwé ara ògiri rẹ̀ wá. Nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo yọ ọ́ kúrò lábẹ́ gíláàsì, mo kà á ketekete, mo túmọ̀ rẹ̀, n kò sì fo Látìn ibẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ní, "Ẹ gbọ́, mẹ́rìnlélógún ni. Àbúrò, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyí, lórí ìdúró?"

Balógun wò mí bóyá mo lè sọ nǹkan. Mo ń ká ìwé náà. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ẹsẹ̀ tí kò ká náà yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹrú ọkọ́.

"O káre, ọmọ mi," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Bí ẹgbẹ́ rẹ bá dàgbà, kí wọ́n wá."

Wọ́n pín ilẹ̀ náà tán. Wọ́n bu ẹran fún mi nítorí ìwé tí mo kà. Egungun wà nínú rẹ̀, mo sì fọ́ ọ jẹ kí balógun tó ráyè dìde nílẹ̀.