Orúkọ Baba Ńlá Kẹrin

Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ ìyẹn ná kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú. Tí wọ́n bá gbé orin bíláàkì mẹ́tàlì, orin òyìnbó tó kún fún igbe àti gìtá líle, wá bá mi, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe tàbí ariwo lásán ló ń pa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń kọ àgbéyẹ̀wò irú orin bẹ́ẹ̀ sí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo sì ti ń ṣe fọtokọ́pì fún àwọn ará Ìlobù. Híjáàbù mi bo íápíìsì tó wà létí mi. Àwọn oníbàárà tó bá sì rí wáyà rẹ̀ máa ń rò pé wáàsí ni mò ń gbọ́.

Wáàsí gan-an ló sì gbé mi dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga l'Óṣogbo, mo gbé mẹ́mórì káàdì mi fún ọkùnrin kan tó ń ta orin létí títì pé kó bá mi fi wáàsí kún un. Káàdì èèyàn bíi mẹ́fà ló kó síwájú, ó sì fi orin tí ẹlòmíràn fẹ́ sí tèmi. Mo wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé, mo ti íápíìsì bọ etí, mo sì gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Gìtá ń lọ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta, ìlù sì ń já lé e lórí bí òjò lórí páànù. Ẹ̀rù bà mí, mo ní n ó yọ ọ́ tí èyí bá parí. Mo dé Ìlobù, n kò tíì yọ ọ́.

Àwọn ará ilẹ̀ òtútù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ irú orin yìí. Àwọn tí èmi ń gbé yẹ̀wò ni àwọn tó ń kọrin nípa òrìṣà tí àwọn baba ńlá wọn ń bọ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kì í gbé e lọ sílé iṣẹ́ ńlá kankan. Ẹnì kan á dá wọ yàrá rẹ̀, á ta gìtá, á lu ìlù, á ké tẹnu rẹ̀, á wá gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó bá fẹ́. Àwọn tó bá mọ̀ mí nídìí rẹ̀ máa ń bi mí kí ni Mùsùlùmí ń wá níbẹ̀. N kì í bọ nǹkan kan, ìrun márààrún kì í sì í fò mí. Bí bàbá mi ṣe máa ń wo bọ́ọ̀lù, tó sì mọ gbogbo àṣìṣe agbábọ́ọ̀lù, láìgbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi àti orin yìí ṣe rí.

Òṣùwọ̀n mi kò ṣòro. Mo máa ń wò ó bóyá gìtá àti ìlù ń gbọ́ ara wọn, mo sì máa ń wò ó bóyá orin náà mọ ibi tó ń lọ. Èyí tí wọ́n wá fi mọ̀ mí jù lọ ni pé, bí o bá ní ò ń ké sí baba ńlá rẹ, kí o pè é lórúkọ. Ilé wa ni mo ti mú ìyẹn lọ. Kò sí ibi tí Yorùbá ti ń ki baba tí kì í dárúkọ rẹ̀, tí kì í sọ ibi tó ti wá àti ìwà tó ń hù. Ẹni tó bá kàn ń pariwo "ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin baba wa" fún odindi wákàtí kan, mo máa ń gé máàkì rẹ̀, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi àwo orin ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi. Òun nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe, ní abúlé kan tí yìnyín ń bò fún ìdajì ọdún. N kò ní purọ́, àwo náà dùn, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n orin méje ló wà nínú rẹ̀, méjèèje ló fi ń ké sí àwọn baba ńlá rẹ̀ tó ni ilẹ̀, kò sì pe ẹyọ kan lórúkọ. Mo fún un ní máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò mọ àwọn tó ń ké sí, ẹnu lásán ló ń yá a.

Ọjọ́ kejì ló dá mi lóhùn lábẹ́ ohun tí mo kọ, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: kí ni orúkọ baba ńlá èmi náà, ẹni tó jẹ́ ìran kẹrin sí mi?

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé Yorùbá ló ń bi nírú ìbéèrè yẹn? Mo ka bàbá mi. Mo ka bàbá bàbá mi, tó ṣòwò ní Kùmásì títí wọ́n fi lé wọn wálé láti Gáànà lọ́dún 1969. Mo ka bàbá tirẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ilé wa. Ó wá kan ẹ̀kẹrin. N kò mọ̀ ọ́n. Kùmásì ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ló ti dàgbà, ìgbà tí wọ́n sì fi wálé, àwọn àgbà tí ì bá kọ́ ọ ní oríkì ilé ti kú. Òun náà ti kú báyìí.

Àyà mi já, inú sì bí mi pé àyà mi já. Inú ìbínú yẹn ni mo ti tẹ èsì fún un. Mo ní kó fún mi títí di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Bí n kò bá mọ orúkọ náà lọ́jọ́ náà, n ó yọ gbogbo àgbéyẹ̀wò tí mo ti fi òṣùwọ̀n yẹn gé máàkì èèyàn kúrò lórí ìkànnì. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn ni. Olóòtú wa, tó wà lókè òkun, kọ̀wé sí mi pé ṣé orí mi pé báyìí. Mo ní ó pé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo lè bi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Nígbà tí àwọn òbí wọn lọ sí Gáànà, wọ́n fi òun sílẹ̀ ní Ìlobù lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ibẹ̀ ló ti mọ oríkì ilé wa láti òkè délẹ̀. Ìfọ́n ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti di Àlàájà. Ìfọ́n kò jìnnà sí wa, ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti gbóná lásìkò náà, wọ́n sì ti kéde kónílé-ó-gbélé. Ọjọ́rú, nígbà tó rọ̀ díẹ̀, ni mo lọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ìlobù ní òun kò ní wọ ọ̀hún, ó já mi sílẹ̀ lọ́nà, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, ìbáwí ló fi dá mi lóhùn. Ta ló ní kí n gba ọ̀nà yẹn lásìkò yìí, ṣé n kò gbọ́ ìròyìn ni? Nígbà tí ara rẹ̀ wá balẹ̀, mo yọ ìwé àti bírò, mo gbé fóònù kalẹ̀ kó lè gba ohùn rẹ̀, mo sì sọ ohun tó gbé mi wá. Ó bi mí pé ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo ní òyìnbó kan ni, tó ń kọrin nípa òrìṣà àwọn baba rẹ̀. Ó rín ẹ̀rín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe àwọn òyìnbó yìí kan náà ló ní kí àwọn èèyàn wa da tiwọn nù ni, kí làwọn náà wá ń wá kiri? Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti fóònù mi padà sọ́dọ̀ mi.

"Mo ti fi oríkì kíkì sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti Mẹ́kà dé," ó ní. "Má bi mí mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi orúkọ bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n jẹun. Ìgbà tí mo fi jẹun tán, àsìkò kónílé-ó-gbélé ti ń wọlé, kò sí bí mo ṣe lè padà, mo bá kúkú sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ń ro bí n ó ṣe kọ ọ́ fún ọkùnrin náà pé n kò mọ̀. Kò sí gbólóhùn kan tí kò korò lẹ́nu mi.

Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo wá lọ kí i. N kò mú ìwé dání, n kò mú fóònù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ bí ọmọ ilé ṣe ń ṣe, mo ní ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé ẹ jí dáadáa. Orí ẹní ìrun ló wà, ó ń ka tẹ̀sùbáà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fi orúkọ oríkì mi dá mi lóhùn, èyí tí àgbà fi ń kí ọmọ tó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀. Kò dúró níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọra yí padà, ó pè mí ní ọmọ bàbá mi, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀kẹta, ó sọ ohun tó fi ń ṣoge àti ohun tó máa ń bí i nínú. Ìka rẹ̀ ṣì ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ. Ó dárúkọ ẹ̀kẹrin.

Nínú gbogbo orin tí mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ń ké sí baba, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kò pariwo rárá. Ó kàn ń kí ọmọ rẹ̀ ni. A kì í dìde nígbà tí wọ́n bá ń kini lọ́wọ́, mo dúró lórí eékún mi, omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì ń dùn bíi ti ẹni tó jàre lẹ́jọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti ń wò ó bí n ó ṣe fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síwájú ọkùnrin náà.

Orúkọ kẹrin yẹn náà ló dá a dúró. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ṣe àsìtàgàfúrúlàhì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní kí n sún mọ́ òun.

"Ẹnu mi ló yọ̀," ó ní. "O ti gbọ́ ọ, tìẹ ni, n kò lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin yẹn, má kọ ọ́ síbì kankan. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá fẹ́ jà lórí ilẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ mi, ọmọ ibí ni wọ́n. Ẹ̀yin, ọmọ ọ̀hún ni yín. N kò fẹ́ kó tún ti ẹnu ẹnikẹ́ni tó jẹ́ tèmi jáde."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe Mẹ́kà nìkan ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo ṣèlérí fún un. Kí n tó dìde lórí eékún mi ni mo ti mọ̀ pé èsì tí mo wá gbà kò ní ṣeé lò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, nígbà tí mo ti mọ́sáláṣí dé, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo lè hùmọ̀ orúkọ kan, kò sí bó ṣe máa mọ̀. Ó wù mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó fi baba irọ́ rọ́pò baba mi nítorí máàkì. Mo kọ ọ́ báyìí: "Mo mọ orúkọ rẹ̀. N kò ní sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń fi orúkọ náà jà nílé wa." Mo mọ bó ṣe máa rí lójú ẹni tó bá kà á. Ká ní ẹlòmíràn ló kọ irú rẹ̀ sí mi ni, mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rín mi lẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ní kí n tètè máa yọ àwọn àgbéyẹ̀wò mi.

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé kó tó pé wákàtí kan. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa," ló kọ. "Ìdí nìyẹn tí n kò fi pe orúkọ kankan."

Oníbàárà kan dúró tì mí, ó ń retí ìwé rẹ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ojú tì mí. Nígbà tó lọ, mo ṣí àgbéyẹ̀wò mẹ́tàdínlógún yẹn, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi ara mi ta ló ní kí ẹni yìí má wí, ta ló fọwọ́ bo ẹnu fún ẹni tọ̀hún. N kò lè mọ̀ láé. Gbogbo àwọn tó panu mọ́ ni mo ti pè ní aláìmọ̀kan, mo sì fi ìgboyà pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo kọ̀wé sí olóòtú wa pé kó bá mi yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún kúrò. Ó ní kò yé òun, ṣebí mo ní mo ti mọ orúkọ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé mo ṣìṣe.