Kápù Tí Zubair Pààrọ̀

Ọmọ ìyá ni èmi àti bàbá Zubair. Alágbẹ̀dẹ ni wá nídìí Ọjà-Ọba. Iṣẹ́ Zubair ni kó máa tún ẹ̀tù kì sínú kòròfo ọta tí àwọn ọdẹ bá ti yìn. Ó mọ iṣẹ́ náà. Kì í jà, kì í mutí, kì í purọ́. Kò purọ́ lọ́tẹ̀ yìí náà. Ó kàn dákẹ́ ni, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Kápù kékeré kan wà nídìí ọta. Òun ni ìbọn ń lù tí iná fi ń ran ẹ̀tù. Èyí tí Zubair ń lò tán lọ́jà. Ó rí irú mìíràn, ó wọ ojú ihò, ó fi sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iná kápù yẹn lọ́ra. Hamzah ọdẹ yìnbọn lóko, kò dún. Ó rò pé ọta ti kú, ó ṣí ìbọn kó yọ ọ́. Ìgbà náà ló dún. Ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́.

A pé jọ nílé Hamzah. Zubair sunkún, ó jẹ́wọ́ pé òun pààrọ̀ kápù. Alfa ní kádàrá ni. Hamzah fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ lójú, ní òun ti forí ji Zubair. Alfa gbọ́wọ́ sókè fún àdúà. Mo ní kó dúró. Mo bi Zubair bóyá ọta oníkápù yẹn ṣẹ́ kù. Ó ní ó wà nílé, àwọn ọdẹ kan ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀.

“Wàá gbé e fún wọn?”

Ó wolẹ̀. “Bàbá, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa lọ́ra.”

“Mú èyí tí kò ní lọ́ra wá, kí o yìn ín lójú wa.”

Zubair yíjú sí Alfa.

“Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá,” Alfa wí. “Kádàrá ni.”

“Ti Hamzah ti ṣẹlẹ̀, Alfa. Ti ọjọ́ Jímọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Zubair.”

Mo dìde kí wọ́n tó ṣe àmín. Mo lọ sílé Zubair. Safiyat ìyàwó rẹ̀ fi àpò ọta náà hàn mí. Mo tú gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà omi, mo jókòó tì í títí ẹ̀tù fi di ẹrẹ̀.

Zubair dé, ó rí i. Láti ọjọ́ náà, kò kí mi mọ́.

Àwọn ọdẹ wá ní Jímọ̀. Wọ́n bú mi dáadáa. Ojú méjì-méjì ni wọ́n fi ń wò mí bí wọ́n ṣe ń bú mi.