Gọ́ọ̀mù Abẹ́ Sílíkì

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní aago méjì ọ̀sán, òórùn gọ́ọ̀mù tí áyọ́ọ̀nù yọ́ ta sí mi nímú níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Bódìjà. Mo rántí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ṣọ́ọ̀bù Màámi ní Agbowó, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ sí ọrùn aṣọ.

Sílíkì ìyàwó kan ló wà nílẹ̀. Ìyàwó náà jókòó tì wá. "Màmá, ọ̀la ni ìgbéyàwó o! Ẹ má jẹ́ kí àwọn àna mi fi mí ṣẹ̀sín."

Gọ́ọ̀mù, aṣọ fẹ́lẹ́ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ń mú lẹ̀, ni aránṣọ ń lẹ̀ sábẹ́ aṣọ kí abẹ́rẹ́ má baà fà á jọ, ṣùgbọ́n sílíkì kò gba èyí tó nípọn. Màámi na oríṣi méjì sí mi. "Gbé wọn sójú fèrèsé. Èyí tí o bá rí òde nínú rẹ̀ ni ká lò."

Oòrùn mú, mo rí òde nínú méjèèjì. Eré ló wà lọ́kàn mi, mo kàn mú ọ̀kan ṣáá. "Eléyìí ni, Màámi."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ojú Màámi ti ń ríran bàìbàì nígbà yẹn, wọn kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ kò tíì ṣe ìdajì ọrùn náà tí sílíkì fi hunjọ bí awọ arúgbó: èyí tó nípọn ni mo mú. Ìyàwó figbe ta: "Mo gbé o!" Mi ò mọ ohun tó wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo rí ni pé Màámi ń fi ìka wá òwú náà kiri, wọ́n ń fi bíléèdì tú u, títí aṣọ fi ya.